Hugo van der Goes, Ayàwòrán Tí Ẹ̀rù Ègbé Bà

Nínú àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Flanders láyé àtijọ́, ìtàn Hugo van der Goes ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù lọ. Ní ọdún 1467 ni ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú Ghent gbà á bí ọ̀gá, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe olórí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1475, Tommaso Portinari, aṣojú ilé owó àwọn Medici ní Bruges, bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ àwòrán ìbí Olúwa fún ṣọ́ọ̀ṣì ilé ìwòsàn kan ní Florence. Hugo kò tẹ́ Ọmọ náà sí ibùjẹ ẹran. Orí ilẹ̀ lásán ni ó tẹ́ ẹ sí. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn ń sáré bọ̀, ọwọ́ wọn le bí ti ẹni tí ń fi agbára jẹun, ọ̀kan nínú wọn sì la ẹnu sílẹ̀ fún ìyanu.

Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn tán, ó wọ ilé ìsìn Rood Klooster nínú igbó lẹ́bàá Brussels, ó sì di arákùnrin lásán níbẹ̀. Síbẹ̀ olórí ilé náà gbà fún un láti máa ya àwòrán, àti láti máa bá àwọn ọlọ́lá tí ó wá wò ó mu wáìnì. Maximilian, ẹni tí ó di olú-ọba lẹ́yìn náà, wà lára wọn.

Ọdún bí márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn èyí, bí òun àti àwọn ará ti ń ti Cologne bọ̀, àrùn ọkàn kọlù ú lóru. Ó ń ké pé ẹni ègbé ni òun. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n dì í mú, ì bá pa ara rẹ̀ lára. Thomas, olórí ilé, rántí Sọ́ọ̀lù àti dùùrù Dáfídì, ó sì pàṣẹ pé kí a máa kọrin kí a sì máa lu ohun-èlò fún un. Orin náà kò tètè ràn án lọ́wọ́.

Gaspar Ofhuys, tí ó jẹ́ ará ilé náà nígbà ayé Hugo, kọ ìtàn yìí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ó ní bóyá wáìnì ni ó fà á, bóyá Ọlọ́run ni ó fẹ́ rẹ ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀. Àwa kò lè bá a gbà tán, a sì fura pé ìlara díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí òun kan náà ni ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn Hugo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún mẹ́sàn-án kò fi ní tó láti parí rẹ̀. Ta ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀ lọ́rùn?

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Hugo kọ tábìlì àwọn ọlọ́lá sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn tí ó kéré jù nínú ilé jẹun. Ó kú ní ọdún 1482. Ní oṣù May ọdún 1483 ni ọkọ̀ ojú omi gbé àwòrán rẹ̀ dé, alábàárù 16 ni ó sì rù ú wọ Florence. Ghirlandaio ará ìlú náà rí i, ó sì fi irú àwọn olùṣọ́-àgùntàn wọ̀nyí sínú àwòrán tirẹ̀ ní ọdún 1485.