Láti Géèjì Dé Kóòdù: Ìtàn Wíwá Àléébù Iná Sẹ́ńsọ̀ Lára Ẹ̀ńjìnnì Kàtàpílà

Malete, níbi tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara sí ní 2009, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro. Ní Moro yìí kan náà ni Jẹ́bà wà, ìlú tí ìsédò ńlá orí odò Ọya ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985. Láàrin ọdún méjèèjì yìí, nǹkan ńlá yí padà lára àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní kàtàpílà: kọ̀ǹpútà gba ìjọba ẹ̀ńjìnnì wọn. Mẹkáníìkì tó ti ń fi etí àti imú mọ àìsàn ẹ̀rọ wá rí i pé òun nílò rẹ́wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, rẹ́wáyà náà sì nílò ohun tó ju iná àyẹ̀wò onígílóòbù lọ.

Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. William Otis, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ṣọ́bìrì tó ń fi sítíìmù ṣiṣẹ́ ní 1839. Èyí tó ń fi háídírọ́líìkì gbẹ́lẹ̀, irú èyí tí a mọ̀ lónìí, jáde lọ́wọ́ Poclain ní Faransé ní 1951 àti Demag ní Jámánì ní 1954. Caterpillar tí orúkọ rẹ̀ bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu wa kò ṣe tirẹ̀, 225, títí di 1972.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, géèjì ni ojú àti etí awakọ̀. Géèjì onídẹ títẹ̀ tí Eugène Bourdon hùmọ̀ ní 1849 kò tilẹ̀ lo iná rárá. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń ti abẹ́rẹ́. Nígbà tí géèjì oníná dé, wáyà kan ṣoṣo ló ń ti ara sẹ́ńdà, ohun tó ń wọn ipá tàbí ooru lára ẹ̀ńjìnnì, lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì gba kọ̀ǹpútà. Rẹ́wáyà á yọ wáyà náà lórí sẹ́ńdà, á fi í kan ara ẹ̀ńjìnnì, ẹnìkejì rẹ̀ á máa wo géèjì lókè. Bí abẹ́rẹ́ bá gbéra lọ sí òpin kejì, wáyà yè, sẹ́ńdà ló kú. Bí kò bá mì, kí wọ́n wá wáyà lọ, tàbí kí wọ́n tú géèjì. Ẹ fi ọgbọ́n yìí sọ́kàn, nítorí kò tíì kú.

Mítà tó ń wọn fólítì, áńpíà àti òómù pọ̀ nínú àpótí kan ti wà láti 1923, nígbà tí Donald Macadie, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbé AVO jáde. Ìmọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ dúró lé lórí tilẹ̀ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1833 ni Michael Faraday ti rí ohun kan tó ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa sí i bó ṣe ń gbóná, lórí irú ìwà yìí sì ni sẹ́ńsọ̀ ooru ń gbé. Edwin Hall rí ipa tí mágínẹ́ẹ̀tì ń ní lórí iná ní 1879, òun sì ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ẹ̀ńjìnnì ń lò. Ohun tó kù ni kọ̀ǹpútà kékeré tó lè gba ìró wọn, tó sì lè fara da ooru àti ìjìgìjìgì.

Ní 1985, ọdún ìsédò Jẹ́bà, Detroit Diesel gbé DDEC jáde ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń pinnu ìgbà àti ìwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì tí yóò wọ inú rẹ̀. Caterpillar gbé 3176 jáde ní 1988. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Òfin èéfín ló tì í dé orí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de èéfín ẹ̀rọ tí kì í rìn lójú títì, wọ́n sì ń mú un le sí i ní ìpele-ìpele. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì aláìní kọ̀ǹpútà kò lè bá òfin yẹn dé òpin. Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe pọ̀ nìyẹn: ipá ọ́ìlì, ooru omi, ipá dísẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ tọ́bò, eré ẹ̀ńjìnnì.

Bosch ti fi CAN han ayé ní 1986, wáyà méjì tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ òfin J1939 láàrin àwọn ọdún 1990, òfin tó fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà: ipá ọ́ìlì ń jẹ́ 100, ooru omi ń jẹ́ 110, eré ẹ̀ńjìnnì ń jẹ́ 190. Nọ́ḿbà kejì ló ń sọ irú àìsàn. Bí iná tí sẹ́ńsọ̀ ń dá padà bá ga jù, 3 ni. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, 4 ni. Nítorí náà kóòdù 100-3 lójú Caterpillar ni pé iná sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì ga jù. Komatsu á pe ohun kan náà ní CA135, á sì pe ti ìsàlẹ̀ ní CA141.

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ka kóòdù tán, wọ́n á sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀. Kóòdù ń sọ ilé tí ariwo ti wá, kò sọ ẹni tó jalè. Wáyà mẹ́ta ló wọ sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì: ọ̀kan gbé fólítì 5 wá láti bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ̀ńjìnnì, ọ̀kan jẹ́ négétíìfù, ọ̀kan ń gbé èsì padà. Èsì náà sábà máa ń wà láàrin ìdajì fólítì sí mẹ́rin àbọ̀. Bí kóòdù bá jẹ́ 4, yọ sókẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ náà, kí o sì wo síkáànì, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì, bí 4 bá di 3, wáyà àti bíréènì bọ́ọ̀sì ń gbọ́ ara wọn, sẹ́ńsọ̀ ni ká pààrọ̀. Bí 4 bá dúró gbọin, wáyà ti bíríìjì níbì kan. Ọgbọ́n ayé géèjì náà ló padà wá yìí: da ojú ọ̀nà iná rú pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀, kí o wo ẹni tó dáhùn.

Fólítì 5 yẹn ló tún ń tan ènìyàn jù. Sẹ́ńsọ̀ mélòó kan ló sábà máa ń pín in lò, bí ọ̀kan bá sì fà á wálẹ̀, kóòdù mẹ́ta mẹ́rin á yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ra gbogbo wọn ti fi owó ṣòfò. Fi mítà sórí wáyà fólítì 5, máa yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o yọ tí iná fi padà bọ̀ sípò, òun ni. Bí kọ̀ǹpútà bá sì kọ̀ tí kò bá síkáànì sọ̀rọ̀ rárá, pa iná, kí o wọn òómù láàrin wáyà CAN méjèèjì. Ó yẹ kó tó 60, nítorí 120 ni wọ́n gbé sí ìkángun kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 120, ìkángun kan ti já.

Kàtàpílà tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ háyà ní Kwara àti ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé wáyà rẹ̀ kì í sábà bá a wá. Eku ń jẹ wáyà, omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ń wọ sókẹ́ẹ̀tì, eruku ilẹ̀ pupa sì ń bá gíríìsì lẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó bọ́kẹ́ẹ̀tì láìyọ orí bátìrì lè fi iṣẹ́ wákàtí kan pa bíréènì bọ́ọ̀sì. Iná àyẹ̀wò onígílóòbù tí àwọn àgbà rẹ́wáyà fẹ́ràn ń fa iná ju ohun tí wáyà sẹ́ńsọ̀ lè gbé lọ; ẹ fi í sílẹ̀ fún iná orí ọkọ̀. Bátìrì náà wà ńbẹ̀: fólítì 24 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ń lò, bó bá lọ sílẹ̀ jù nígbà tí wọ́n ń sítáàtì, kóòdù tí kò ní ìdí lè kún ojú síkáànì.

Ẹ̀yin tó ni kàtàpílà, kí ẹ tó sanwó sẹ́ńsọ̀ tuntun, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ́wáyà yín iye fólítì tó bá lórí sókẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá lè dáhùn, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.