Tàdáwà, Tákàdá àti Àmì Ìsàlẹ̀: Títún Lẹ́tà Àfọwọ́kọ Ṣe gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Ìtàn

Ní ọjọ́ 22, oṣù Èrèlé, ọdún 1837, Samuel Ajayi Crowther kọ lẹ́tà kan láti Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró sí àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ Church Missionary Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú lẹ́tà yìí ni ó ti ròyìn bí ogun ṣe kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, ní 1821, bí a ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, àti bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ní 1842, a tẹ ìròyìn náà gẹ́gẹ́ bí àfikún sí ìwé tí J. F. Schön àti Crowther kọ lórí ìrìn-àjò Odò Ọya. Láti ìgbà náà, ìwé títẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń kà.

Ìbéèrè kan wá dìde: nígbà tí a bá ti tẹ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, kí ni a tún ń fi tákàdá gbígbó ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí àṣà Yorùbá. Kí ìwé tó dé, àrokò ni a fi ń ránṣẹ́. Ẹyọ owó méjì tí a so kí wọ́n kọjú sí ara wọn ń sọ ti ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀. Bí a bá so ẹyọ méjì kan náà kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí ó bá tú okùn àrokò nítorí kí ó lè fọ ẹyọ mọ́ ti ba iṣẹ́ tí a rán jẹ́, bí ẹyọ kankan kò tilẹ̀ sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà rí. Bí a ṣe ṣẹ́ ẹ po, èdìdì tí a fi dì í, ọ̀rọ̀ tí a fagi lé, àti ohun tí akọ̀wé tí ó gbà á kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Ìwé títẹ̀ kì í sábà gbé wọn wá.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní kò ti òde wá. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Tàdáwà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù títí di ọ̀rúndún 19 ni èyí tí a fi kókó ara igi óákù, iyọ̀ irin àti oje igi tí ń lẹ̀ pò pọ̀. Kókó náà ní èròjà tannin nínú. Nígbà tí tannin àti irin bá pàdé nínú afẹ́fẹ́, wọn a di dúdú, wọn a sì wọ inú tákàdá lọ débi pé omi kò lè tètè fọ̀ wọ́n nù. Ìdí nìyí tí a fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ásíìdì wà nínú tàdáwà yìí, irin tí kò sì rí tannin dì mọ́ ń mú kí okun ara tákàdá máa já díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìlà ọ̀rọ̀ á pọ́n bí ìpatà. Lẹ́yìn náà, á hàn sí ẹ̀yìn ìwé. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ á já bọ́, á sì ku ihò sí ibi tí ó wà.

Tákàdá fúnra rẹ̀ náà ní ìtàn. Títí di àárín ọ̀rúndún 19, àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ àti òwú ni a fi ń ṣe é. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lo igi, tí a sì ń fi álọ́ọ̀mù sí i. Nítorí náà, kò yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu bí lẹ́tà 1837 bá ṣì le nígbà tí ìwé 1900 ti ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ooru, ọ̀rinrin òjò, ikán àti aáyán tún wá kún un. Bí ọ̀rinrin inú iyàrá bá pọ̀, ìwé á bu, tàdáwà olóró náà á sì túbọ̀ yára ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ tún ìwé ṣe kò fi ìgbà gbogbo ṣe rere. Láti àwọn ọdún 1930, William Barrow ní Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fi ooru àti agbára ẹ̀rọ lẹ ike tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìwé ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ ìwé gbà á bí ojútùú. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé ike náà kò ṣe é bọ́ kúrò wẹ́rẹ́, àti pé ásíìdì tí a kò kọ́kọ́ pa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Sẹ́lótéèpù burú bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ á bó, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ á ti mu wọ inú ìwé, á sì pọ́n.

Láti inú àṣìṣe wọ̀nyí ni òfin iṣẹ́ náà ti jáde: ohun tí a bá fi tún ìwé ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é yọ lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí ó bá sì wò ó dáadáa gbọ́dọ̀ lè mọ ibi tí àtúnṣe wà. A kọ́kọ́ ń ya àwòrán ìwé tojú tẹ̀yìn, a sì ń kọ ipò tí ó wà sílẹ̀. A ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò. A tún ń fi pépà ìdánwò kan kan ojú tàdáwà. Bí irin tí kò dì mọ́ nǹkan bá wà níbẹ̀, pépà náà á pọ́n. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands gbé ìwẹ̀ calcium phytate jáde, èyí tí ń di irin náà mú. A sì ń fi calcium bicarbonate pa ásíìdì tẹ̀lé e. Ojú tí ó ya ni a ń fi tákàdá Jàpáànì dí, èyí tí a fi èèpo igi kozo ṣe, tí ó fẹ́lẹ́ tí ó sì yi.

Ẹ̀kọ àlìkámà ni wọ́n sábà fi ń lẹ tákàdá yìí. Ẹni tí ó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: àwọn aládìrẹ a máa fi álọ́ọ̀mù sí ẹ̀kọ láfún wọn, álọ́ọ̀mù sì ni ìwé ń sá fún. Ẹ̀kọ olómi pàápàá léwu lórí tàdáwà onírin, nítorí omi á gbé irin náà lọ sí ibi tí kò tíì dé. Ìdí nìyí tí àwọn atúnwèéṣe kan fi yan jẹ́látíìnì tí a kàn fi omi díẹ̀ tù lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá gan-an ni àmì ìsàlẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún 19 ni àmì yìí di ara àkọtọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ń lò, ìpàdé 1875 ní Èkó sì tún jíròrò àkọtọ́ náà. Ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀: ẹlòmíràn á fi í sí ọ̀rọ̀ kan, á sì gbàgbé rẹ̀ lórí èkejì. Bí ẹ̀kán tàdáwà kékeré bá wà lábẹ́ lẹ́tà kan, òun ni ó ń sọ bóyá oko ni òǹkọ̀wé ń ròyìn tàbí ọkọ. Atúnwèéṣe tí kò gbọ́ Yorùbá lè rí i bí ìgbẹ́ eṣinṣin, kí ó sì ha á nù. Ó sì lè jẹ́ ìgbẹ́ eṣinṣin lóòótọ́, kí òǹkàwé sì kà á bí àmì. Ẹni tí ó gbọ́ èdè kò mọ ìṣe tàdáwà, ẹni tí ó mọ ìṣe tàdáwà kò gbọ́ èdè. Àfi kí àwọn méjèèjì jọ jókòó ti tábìlì kan kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Lóòótọ́, ìwé ẹgbẹ́ CMS ti Lọ́ńdọ̀nù wà ní Yunifásítì Birmingham, ṣùgbọ́n àwọn ìwé míṣọ̀n Yorùbá wà nínú ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà ní Ìbàdàn, èyí tí akitiyan Kenneth Dike láàrin àwọn ọdún 1950 bí. Nínú àwọn ìwé irú èyí ni J. F. Ade Ajayi ti fa ìtàn tí ó tẹ̀ jáde ní 1965 yọ. Àwọn lẹ́tà mìíràn ṣì wà nínú àpótí ìdílé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó ṣàǹfààní jù fún wọn kò gba owó púpọ̀: kí a má lẹ̀ wọ́n, kí a má fi sẹ́lótéèpù dì wọ́n, kí a má ṣẹ́ wọn ní ibi tí a kò ti ṣẹ́ wọn rí, kí a tò wọ́n sí ibi tí ó gbẹ tí oòrùn kò ti pa wọ́n, kí a sì ya àwòrán wọn. Ìwé tí a kò tíì tún ṣe ṣì lè dúró de oníṣẹ́. Èyí tí a tún ṣe láìmọ̀ọ́ṣe ti pàdánù apá kan ẹ̀rí rẹ̀, kò sì sí ìwé títẹ̀ tí yóò dá a padà.