Wọ́n Lé Wa ní Gánà, Àwa Náà Lé Wọn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn ìlú wa kì í fẹ́ sọ tán. Wọn á sọ bí wọ́n ṣe lé bàbá wọn kúrò ní Gánà, wọn á sọ iye ṣọ́ọ̀bù tí bàbá náà fi sílẹ̀, omi á ti máa lé ròrò lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè wò pé, "Àwọn ará Gánà tí àwa náà lé ńkọ́?" Ẹ ó rí i pé ẹnì kan á wúkọ́, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n bá òun bu omi wá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́ tán lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí mi. Ìyá tó bí bàbá mi, Ìyá Kumasi ni gbogbo agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é. Mo ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Èdè Twi ló fi ń ka owó. Twi náà ló fi ń bú wa bí inú bá ń bí i, àwa ọmọdé á sì máa rẹ́rìn-ín nítorí a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọdún 21 ló lò lọ́hùn-ún. Mẹ́rin nínú ọmọ mẹ́fà tó bí, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, bàbá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ má rò pé ṣe ni àwọn tó lọ yìí fo fẹ́ǹsì wọlé o. Nígbà tí wọ́n ń lọ, kò sí fẹ́ǹsì kankan. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibí, Gẹ̀ẹ́sì náà ló ń ṣàkóso Gold Coast, bí èèyàn bá sì ti la Dahomey àti Togo kọjá, ó parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà àti Ṣakí ti ń forí lé ọ̀hún. Àwọn ará Ẹjìgbò ní tiwọn kọjá lọ sí Ivory Coast. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó tẹ̀ lé wọn wọ lọ́rì. Bí ọmọkùnrin kan bá dé Kumasi tàbí Tamale, ọ̀dọ̀ ará ìlú rẹ̀ ni yóò wọ̀ sí, yóò máa bá a kiri ọjà. Tó bá ṣe díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní ọjà àwìn kó lọ dá dúró. Òun náà á wá ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò òun máa bọ̀. Aṣọ, abọ́ onírin, òwú, abẹ́rẹ́, àtùpà, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́: kò sí abúlé kòkó tó jìnnà jù tí Yorùbá kan kò ru igbá ọjà rẹ̀ dé.

Nígbà tí Gánà ka èèyàn ní ọdún 1960, Yorùbá tí wọ́n kà níbẹ̀ tó 100,000. "Mama Alata" ni wọ́n ń pe ìyá Yorùbá tó bá ń tajà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú wa ní "alata samina" títí di òní olónìí. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní Gánà nígbà náà, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló dá a sílẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ìlú kan, ẹ jẹ́ sọ òótọ́, ṣé àlejò ni yóò máa pe ara rẹ̀?

Ṣùgbọ́n onílé ń ka ọjọ́. Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù March 1957, owó kòkó sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1960, owó kòkó já wálẹ̀ lójú ọjà àgbáyé, gbèsè gorí gbèsè, àwọn sóójà lé Kwame Nkrumah kúrò ní oṣù February 1966. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé kò ríṣẹ́. Wọ́n wo inú ọjà, wọ́n rí Yorùbá, wọ́n rí Haúsá, wọ́n rí ará Lebanon. Ebi ló jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́: onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Kì í ṣe pé àwa ń jẹ ẹ̀wà tó bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò jẹun, ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́jà dà bí ọlọ́rọ̀.

Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia wọlé ìbò ní ìparí oṣù August 1969. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù November, tí ìjọba rẹ̀ fi kéde pé àlejò yòówù tí kò bá ní pémíìtì láti gbé Gánà gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ. Ọjọ́ 14! Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé rí, ọjọ́ 14 ni wọ́n fún un láti di ẹni oníwèé.

Bí Ìyá Kumasi bá dé ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Ó ní ọjọ́ kẹta ìkéde ni àwọn oníbàárà òun dẹ́kun gbèsè sísan. Kí ni wọ́n fẹ́ san án fún? Wọ́n mọ̀ pé yóò lọ. Ọjà tó rà ní pọ́n-ùn mẹ́wàá, pọ́n-ùn méjì ni wọ́n ń ná an, wọ́n á sì ní bí kò bá tà á, àwọn á padà wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó kó maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ àti dùrùù aṣọ mẹ́ta sọ́dọ̀ obìnrin Asante kan tí wọ́n jọ ń gbé ojúde kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òun ló gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wa kò rí maṣíìnì ọ̀hún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbúròó obìnrin náà. Ohun tó mú bọ̀ wálé ni ìwé ẹ̀rọ kan tí ọmọ rẹ̀ àgbà fi kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sílẹ̀, ojú ewé 11 gbáko. Ọkọ̀ tó gbé wọn, ìdúró ni wọ́n dúró nínú rẹ̀ láti Kumasi dé Lomé. Ilé tí wọ́n sì ń padà bọ̀ nígbà náà, ogun abẹ́lé kò tíì tán níbẹ̀; January 1970 ló tán. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwé sì ń pè wọ́n ní "ọmọ Gánà." Níbi tí wọ́n bí wọn sí, wọ́n pè wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà. Ẹ ò rí ayé!

Ṣé ọjà wá dẹ̀ ní Gánà lẹ́yìn tí a lọ? Ní ọdún 1970, wọ́n tún ṣòfin tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan. Oko kòkó wá ń wá alágbàṣe, nítorí àwọn ará Upper Volta tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá òfin yẹn lọ. Ọjà kò pọ̀ sí i, owó rẹ̀ kò wálẹ̀. Ní January 1972, àwọn sóójà gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. Nígbà tó di August 1979, tí kò sí Yorùbá mọ́ tí wọn ó na ìka sí, àwọn sóójà fi ọkọ̀ katakata wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀, wọ́n ní àwọn ìyálọ́jà ló ń jẹ́ kí ọjà wọ́n. Àwọn ìyálọ́jà tí mo sọ yìí, ọmọ Gánà pọ́ńbélé ni wọ́n.

Ayé wá yí padà. Epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di olówó, ilẹ̀ Gánà sì ń tòṣì sí i. Àwọn ará Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá. "Agege" ni ọ̀pọ̀ wọn ń pe gbogbo Nàìjíríà: ẹni tó lọ Èkó, ó lọ Agege, ẹni tó lọ Kánò, ó lọ Agege náà ni. Tíṣà ni wọ́n, pàápàá ní àwọn ilé ìwé girama tó pọ̀ lójijì nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1979 sókè. Bíríkìlà ni wọ́n, kápẹ́ńtà ni wọ́n, àwọn ló ń gbé àpótí kiri àdúgbò láti tún bàtà ṣe. Oṣù May 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Wọ́n wọlé, 90 ọjọ́ pé, wọn kò lọ. Òótọ́ nìyẹn, mi ò ní fi bò. Ẹni tó bá ń wí pé gbogbo wọn ló pa òfin mọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àfi ìgbà tí owó epo náà já wálẹ̀ láti ọdún 1981. Ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà, ìbò ọdún 1983 sì ń bọ̀. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa kòkó? Ẹ kàn fi epo rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Gánà ló ń jalè, wọ́n ní àwọn ló gba iṣẹ́ wa. Wọ́n tún mú rògbòdìyàn Maitatsine mọ́ ọn, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò ní December 1980 àti ní Maiduguri àti Kaduna ní October 1982. Lóòótọ́, ilẹ̀ Cameroon ni olórí àwọn Maitatsine ti wá. Ṣùgbọ́n kí ló kan bíríkìlà ará Gánà tó ń mọlé ní Ṣómólú nínú ìyẹn?

Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, kí ìparí oṣù náà má bá wọn. Ẹ ka ọjọ́ rẹ̀ wò: 14 náà ni! Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ gan-an rí àfikún gbà títí di ìparí February, wọ́n sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ó kàn tó mílíọ̀nù méjì, ará Gánà ló lé ní ìdajì wọn. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyálé tí wọ́n nà lọ́jọ́sí ló tún nawọ́ sájà fà á yọ.

Ojú ọ̀nà wọn tún burú ju tiwa lọ. Jerry Rawlings ti ti bọ́dà Gánà àti Togo pa láti September 1982. Nítorí náà Togo kò fẹ́ kí wọ́n wọlé kí wọ́n má baà há sí òun lọ́rùn, Benin náà kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí. Àwọn èèyàn kún etí ọ̀nà láti Sẹ̀mẹ̀ lọ, nínú oòrùn, láìsí omi, títí Rawlings fi ṣí bọ́dà ní ọjọ́ 29 oṣù January. Báàgì alábẹ̀bẹ̀ onílà pupa àti búlúù tí wọ́n kó ẹrù sí, ẹ mọ orúkọ tí a fún un: Ghana Must Go. A ṣì ń rà á lọ́jà, a ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ láìronú. Nígbà tí wọ́n sì délé, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ti ba oko jẹ́ ní Gánà lọ́dún yẹn, ebi ń pa àwọn tó wà nílé gan-an.

Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀ ní Nàìjíríà? Shagari wọlé ìbò ní August 1983, àwọn sóójà lé e lọ ní ọjọ́ 31 oṣù December ọdún náà. Nígbà tó di 1985, ìjọba Buhari tún kó pàṣán kan náà jáde, wọ́n tún lé wọn lẹ́ẹ̀kejì. Náírà kò gbérí.

Mi ò wí pé kí orílẹ̀-èdè má ní bọ́dà. Ìlú tí kò mọ ẹni tó ń wọlé kì í pẹ́ dàrú, ìjọba yòówù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bi èèyàn ní ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn gba ìwé yóò fún un láyè láti gbà á. Ọjọ́ 14 kì í ṣe àyè ìwé gbígbà. Àyè ẹrù dídì ni, àyè kí aládùúgbò rà ọ́ lọ́jà lọ́pọ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ní Accra mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ní Èkó náà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Òfin Gánà ti ọdún 2013 ní kí àlejò tó bá fẹ́ tajà ní mílíọ̀nù kan dọ́là, ní 2019 àti 2020 wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa. Ní July 2025 pẹ̀lú, àwọn kan gbé pátákó jáde ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Inú bí àwọn èèyàn wa gidigidi. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì tí arákùnrin kan ń pariwo pé, "Lẹ́yìn gbogbo oore tí a ṣe fún wọn!" Mo fẹ́ bi í pé ní ọdún wo.

Ìyá Kumasi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Bíríkìlà ará Gánà kan ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé wa ní ọdún 1983. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí rédíò kéde, gbogbo agboolé hó yèè, ìyá náà sì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó tó sí wọn. Kí àwọn náà lọ mọ bó ṣe ń rí." Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni bíríkìlà náà kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Ó gbé rédíò olóhùn ńlá kan dání. Èdè Twi ló fi bá a sọ̀rọ̀: "Mama, bá mi tọ́jú rẹ̀, mo ń padà bọ̀." Ìyá wa gba rédíò náà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó bu gààrí àti ẹ̀pà sínú àpò fún un, àmọ́ ọkùnrin náà ti lọ wọ ọkọ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́.

Kò padà wá. Mo bá rédíò ọ̀hún lórí pẹpẹ ní yàrá ìyá wa nígbà tí mo gbọ́njú, aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ẹni tó bá tàn án á jẹ ìyà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń nu eruku orí rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, bátìrì ti ṣàn sínú rẹ̀ kó tó kú. Nígbà tí a pín ẹrù rẹ̀, ọmọ kan mú ìkòkò, ọmọ kan mú aṣọ, ìwé ẹ̀rọ olójú ewé 11 bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi. Rédíò náà, kò sẹ́ni tó mú un.