Ẹ̀rí Inú Ìyẹ́ Àṣá

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóko ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Àwọn tó ń jẹ ọkà ń kú, àwọn àṣá tó ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ náà ń kú. Karl Borg, dókítà ẹranko ní Stockholm, yẹ òkú wọn wò, ó sì bá májèlé kan tó ń jẹ́ mẹ́kúrì níbẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1940 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi oògùn tó ní mẹ́kúrì pa irúgbìn ọkà lára, kó má baà jẹrà nínú ilẹ̀. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì rọrùn láti sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó ṣe tán, mẹ́kúrì ti wà nínú ilẹ̀ àti omi láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Ta ló mọ iye tó wà lára ẹyẹ kí oògùn tó dé?

Ìyẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyẹ́ bá ń hù, ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ ọ, mẹ́kúrì inú ẹ̀jẹ̀ á sì bá a wọlé. Bó bá gbó tán, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ohun tó ti wọlé á sì há síbẹ̀, ì báà di ọgọ́rùn-ún ọdún. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Stockholm sì ní òkú ẹyẹ tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn tó kó wọn pamọ́ kò ro ti májèlé rárá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sùúrù wọn ló gba ọ̀ràn náà là.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́rin, Berg, Johnels, Sjöstrand àti Westermark, fi ẹ̀rọ átọ́míìkì yẹ àwọn ìyẹ́ náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1966. Lára àṣá, mẹ́kúrì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ayé àwọn baba ńlá títí di nǹkan bí ọdún 1940. Lẹ́yìn náà ló fò sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ẹja yàtọ̀: díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn ń ga, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí oògùn irúgbìn tó dé. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣàn sínú omi ló fà á. Àwòdì apẹja tún fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, nítorí pé Áfíríkà ló ń sá lọ nígbà òtútù. Ìyẹ́ tó hù lára rẹ̀ ní Áfíríkà kò ní mẹ́kúrì púpọ̀. Èyí tó hù ní Swídìn ló kún fún un.

Ní 1966 kan náà ni Swídìn fòfin de irú oògùn mẹ́kúrì yìí lára irúgbìn, ìwọ̀n mẹ́kúrì sì lọ sílẹ̀ lára àwọn ẹyẹ oko. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣì ń lò ó nígbà náà. Lọ́dún 1971 sí 1972, àwọn ará Ìráàkì fi àlìkámà tí wọ́n fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ pa ṣe búrẹ́dì. Ó lé ní 6,000 ènìyàn tó dé ilé ìwòsàn, 459 nínú wọn ló kú síbẹ̀.