Owó Ìpamọ́ Kòkó àti Àgbẹ̀ Ajue
Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń ra kòkó ní iye tí a ti kéde kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń fi èrè pamọ́ de ìgbà tí ọjà àgbáyé bá dẹnu kọlẹ̀, bí ó ti rí ní àwọn ọdún 1930. Láti 1954, nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, púpọ̀ nínú owó náà ni a ná sórí ìdàgbàsókè. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìṣòro àgbẹ̀ ni a tìtorí rẹ̀ kó o jọ. Lẹ́yìn tí a fòpin sí ètò náà ní 1986, àgbẹ̀ Ajue, ní agbègbè Odìgbó, fúnra rẹ̀ ni ó ń gbọ́ bùkátà àdánù, pẹ̀lú èésú, ìyẹn owó tí ẹgbẹ́ ń dá jọ fún ọmọ ẹgbẹ́ láti kó lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń ṣíji bo kòkó kékeré, tí ó sì ṣeé jẹ, tí ó ṣeé tà.