Awò ìbọn àkìlẹ́nu

Awò ìbọn àkìlẹ́nu ni awò gbọọrọ tí a ń dè mọ́ orí ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, kí ayìnbọn lè rí ohun tí ó ń fojú sùn kedere. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ìbọn àkìlẹ́nu, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá rẹ̀ dán, kò ní ìlà tí ń yí ọta, nítorí náà awò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un. Awò yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ya àsìkò kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń fi ìbọn àkìlẹ́nu dọdẹ àgbọ̀nrín.

Ìtàn

Ní 1855, William Malcolm bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe awò ìbọn ní Syracuse, ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865), àwọn atamátàsé kan nínú ọmọ ogun Gúúsù lo ìbọn Whitworth láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a de awò Davidson mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1985, Tony Knight gbé ìbọn MK-85 jáde, èyí tí ohun ìtanná rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ẹ̀tù ní tààrà. Irú ìbọn yìí mú kí dídè awò rọrùn.

Ohun tí ń ba awò jẹ́

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni agbára tí ìbọn fi ń ti ayìnbọn sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìbọn àkìlẹ́nu òde òní lè gba ẹ̀tù gíréènì 150, ìtì rẹ̀ sì lè mú kí àmì àgbélébùú inú awò yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Èkejì ni èérí ẹ̀tù dúdú, tí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí ó sì ń mú kí irin dípẹtà. Ẹ̀kẹta ni òjò àti ìrì: bí ọ̀rinrin bá wọ inú awò, dígí rẹ̀ yóò kún fún kùrukùru.

Yíyan awò

Òfin ni a kọ́kọ́ ń wò. Ní Colorado, a kò gba awò láàyè ní àsìkò ìbọn àkìlẹ́nu. Bákan náà ni ní àsìkò ìbọn olókùúta ìṣáná ní Pennsylvania.

Níbi tí òfin bá ti gbà á, kí owó lọ sórí agbára awò ju ìsọdińlá rẹ̀ lọ. Ọta ìbọn àkìlẹ́nu tètè ń rẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í sì í yìn ín kọjá yáàdì 200; nítorí náà, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 3 sí 9 ti tó. Awò olówó pọ́ọ́kú tí a ṣe fún ìbọn .22 kò yẹ, nítorí ìbọn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ti ènìyàn sẹ́yìn. Awò tí a fi gáàsì náítírójìn kún, tí a sì dí pa, ni kì í jẹ́ kí kùrukùru bo dígí láti inú.

Àyè tó wà láàárín ojú àti awò ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí kò bá tó íǹṣì 3.5, etí awò lè gé ayìnbọn lójú nígbà tí ìbọn bá tì í. Ìdè irin tí ó gbé awò dúró kò gbọdọ̀ jẹ́ gbàrọgùdù, nítorí awò rere kò wúlò lórí ìdè tí ń mì.

Àyẹ̀wò

Kí ọdẹ tó wọ igbó, ó yẹ kí ó yin ọta mẹ́ta sí ojú àmì kan ní yáàdì 100, kí ó máa nu inú ọ̀pá láàárín ọta kan sí èkejì, kí èérí má baà da ẹ̀rí rú. Bí ojú ibi tí ọta ń bá bá ń yí kiri láìnídìí, kí ó yẹ síkúrúù ìdè wò. Bí ìdè bá le, awò ni kí ó pààrọ̀. Awò tí ń yẹ̀ lè mú kí ọdẹ ṣá ẹran lọ́gbẹ́ láìpa á, kí ẹran náà sì lọ kú sínú igbó lásán.