Bí Ọ̀nà Ti Tún Apá Ìsàlẹ̀ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá Ṣe

Ní apá ibi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti bá Èkó pààlà, Ìjọba Ìbílẹ̀ méjì wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dájú: Ifo ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, àti Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìhà ìlà-oòrùn. Odò Ògùn ni ó ń ṣàn kọjá láàrin ìlú Ifo àti ìlú Mowe, tí ó sì ń lọ sí ọ̀sà Èkó.

Lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọn a máa sọ̀ kalẹ̀ wá dáko ní ìhà yìí. Baálẹ̀ ni ó ń tọ́jú abúlé, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ilé gbogbo wọn.

Ọ̀nà ni ó yí nǹkan padà. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Ní 1901 ni a ṣí i dé Ìbàdàn. Ó gba Agbado àti Ifo kọjá, àwọn ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Ní 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí a sì tún ètò Ìjọba Ìbílẹ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà. Ní 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó gba Ibafo àti Mowe kọjá. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ilé Èkó wọ́n fún ti ń wá kọ́lé síbẹ̀.

Nínú ètò ìkànìyàn 2006, Ifo ní 524,837 ènìyàn, Ọbáfẹ́mi-Owódé sì ní 228,851, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tirẹ̀ ju ti Ifo lọ ní ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Ọbáfẹ́mi àti Owódé ni a fi sọ Ìjọba Ìbílẹ̀ náà lórúkọ, Owódé sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ọ̀nà kó ènìyàn jọ sí Mowe àti Ibafo, ṣùgbọ́n àga ìjọba kò kúrò ní Owódé. Ẹni tí ń gbé Mowe, tí ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, lè máa pe ara rẹ̀ ní ará Èkó. Síbẹ̀ Owódé ni ọ̀rọ̀ ọjà, ibùdókọ̀, ìtẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí àti orúkọ òpópó rẹ̀ wà. Bí kò bá mọ èyí, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni yóò máa kàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya àwòrán ilẹ̀ yìí: kí wọn ya odò, rélùwéè, ọ̀nà márosẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọn fi àmì sí ibi tí ìjọba wọn jókòó sí.